Irun Àgbò Nínú Kọ̀ǹpútà Kẹsàn-án

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, kí ìdérí tó kúrò tán. Ìsípẹ́kítọ̀ Munirat Sàlámì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú, ó sì gbé ojú sẹ́yìn. Ìtọ̀ àgbò ni, èyí tó ti gbẹ tipẹ́ tí ooru wá ń sè jáde. Sájẹ́ǹtì Dàda, tó ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì, sáré tutọ́ gba ojú fèrèsé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, òun ò tíì rí kọ̀ǹpútà tó ń tọ̀ sára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iná yẹn sún mọ́ ibí, Bàbá Dàda."

Ọkùnrin náà gbé e sún mọ́ ọn. Ó fi ọdún mẹ́rìnlá ju Munirat lọ, orí rẹ̀ pá kodoro bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dàda ni wọ́n sọ ọ́, kò sì sí iṣẹ́ tí Munirat lè fún un tí kò ní kọ́kọ́ kùn sí kó tó ṣe é dáadáa.

Nínú àpótí kọ̀ǹpútà kẹsàn-án yìí, fáànù kékeré kan jókòó lórí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò bí ojú ìwé. Àárín irin yìí ló yẹ kí atẹ́gùn máa gbà kọjá, kí ooru lè kúrò lórí prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kankan ò lè gba ibẹ̀ mọ́. Eruku dúdú ti dí i pa. Ìyẹ́ aáyán wà nínú rẹ̀, ẹyin aáyán wà nínú rẹ̀, ohun kan tó dà bí ìgbẹ́ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná sì lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ bí amọ̀. Munirat fi ẹ̀mú tín-ín-rín fa nǹkan funfun kan jáde láàárín ẹ̀gbin náà. Ó gùn, ó nípọn, ó lọ́ bíi wáyà. Ó gbé e sí iná, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Irun àgbò ni," ó wí.

"Àgbò ti wá ń lo kọ̀ǹpútà báyìí?"

Munirat fi irun náà sínú ọ̀rá kékeré, ó sì ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tó ti bàjẹ́ síwájú rẹ̀ tí wọ́n sì ní kó jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré ló pé tí wọ́n gbé e dé. Wọ́n ní tuntun ni.

Yàrá ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ Ìṣúra Ọgbọ́n ní Ìbà ni wọ́n wà, kò jìnnà sí Housing Estate. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà funfun tí Ìyáàfin Ruth Ọlágbẹ́mi, tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, fi ọ̀dà kọ sára wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ó gbé báńà kọ́ sí ẹnu géètì: kọ̀ǹpútà tuntun, i7, fún ìmúrasílẹ̀ ìdánwò àbáwọlé yunifásítì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó pe àwọn òbí wá wo àwọn ọmọ níbi ìdánwò ìdánrawò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dákú. Èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, mẹ́wàá ti kú fin-ín, àwọn ọmọ ń sunkún, bàbá kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sì tan ọ̀kan, ó ka ohun tó kọ lójú, ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó ọmọ òun.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyáàfin Ruth ti pe ọlọ́pàá. Ó ní olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Ìbùkúnolúwa, ló yọ ọpọlọ tuntun kúrò nínú wọn, tó fi àlòkù sí i. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n bá sukudíráfà níbẹ̀, wọ́n sì bá prósẹ́sọ̀ kan tí ó fi bébà wé. Ọmọkùnrin náà ti sun oorun ọjọ́ mẹ́ta ní àhámọ́ Ọ̀kọ́kọ́máìkò. Ìyáàfin Ruth ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí lórí Wásáàpù, ó kọ OLÈ sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìyí. Ọ̀gá àgọ́ ti sọ fún Munirat pé bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kóòtù ni ọmọ náà ń lọ lọ́la.

Kò sí ẹni tó kọ́ Munirat ní kọ̀ǹpútà. Ti àgọ́ wọn ló bàjẹ́ ní ọdún kan tí kò sí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, ó fi ọ̀bẹ ìjẹun tú u, ó sì fi ọjọ́ mẹ́fà wò ó kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Láti ìgbà náà, kò lè rí àpótí kan kí ó má fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

*

Nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti bá Ìyáàfin Ruth. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ará Adó-Èkìtì, ó ga, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, èékánná rẹ̀ mọ́, ó kúrú, kò ní ọ̀dà kankan. Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin kan mú, ó ń fi òwú nu èékánná rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ fún wọn. Ọmọ tó bá kun kútẹ́sì lópin ọ̀sẹ̀, olùkọ́ tó bá kùn ún, òun fúnra òun ni òun máa nù ún kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ni. Ìgò omi tí ó fi ń nù ún wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gún imú Munirat bó ṣe ń kọjá.

Ní báyìí tí ó tẹ̀ ba lórí ẹ̀rọ kẹsàn-án, àwọ̀ àlùkò kan ló rí. Ẹ̀kán kútẹ́sì wà lórí súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di fáànù mú. Òmíràn wà ní igun mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ jókòó lé. Èyí jẹ́ ẹ̀kán ńlá, ó ṣàn láti orí súkúrù bọ́ sórí irin àpótí, ó so méjèèjì pọ̀. Kò sí èyí tó sán nínú wọn.

Ó kúnlẹ̀, ó yẹ àwọn súkúrù ẹ̀yìn àpótí wò, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Kò sí kútẹ́sì lórí wọn. Ó yẹ ti àwọn mọ́kànlá yòókù wò. Kò sí lórí ìkankan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú tó wà yí súkúrù ká ti ṣí, ó ti di funfun rúsúrúsú, bíi pé nǹkan kan lá a. Lórí ti ìkejìlá, fọ́nrán òwú kan lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tó yọ́ náà. Ó tú àwọn yòókù náà; kútẹ́sì inú wọn pé, kò sí èyí tó sán.

"Ẹ yà á ní fọ́tò, Bàbá Dàda. Gbogbo rẹ̀. Lóde àti nínú."

"Kútẹ́sì? Mo rò pé kọ̀ǹpútà là ń wá."

Munirat ṣàlàyé fún un. Àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́jà Alaba máa ń kán kútẹ́sì sórí súkúrù. Bó bá gbẹ tán, ẹni tó bá yí súkúrù náà yóò fọ́ ọ dandan. Oníbàárà tó bá gbé ẹ̀rọ padà wá pé ó bàjẹ́, orí súkúrù ni olùtajà yóò kọ́kọ́ wò. Bí kútẹ́sì bá ti fọ́, kò sí ìpààrọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tirẹ̀.

Dàda ronú sí i. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jí nǹkan inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ nu ti òde kúrò. Ìyẹn gan-an ni ọmọkùnrin yẹn ṣe.

"Ó nu ti òde," ni Munirat wí. "Kí ló wá dé tí ti inú ò fọ́?"

*

Àhámọ́ Ọ̀kọ́kọ́máìkò ń rùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìbùkúnolúwa jókòó síwájú Munirat pẹ̀lú ẹ̀wù tí ó wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú níbi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ń wo ilẹ̀.

Munirat gbé prósẹ́sọ̀ tí wọ́n bá nínú àpò rẹ̀ sórí tábìlì. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹsẹ̀ kéékèèké kún abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dán bí ehín òòyà. Èyí tó wà ní ìkángun ti tẹ̀, nítorí kọ́ńsítébù kan ti fi í họ ẹ̀yìn láti ọjọ́ Ẹtì.

"Kí lo ń fi èyí ṣe?"

Ó ní òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni. Ti ayé àtijọ́ ni, ẹsẹ̀ máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn ò lẹ́sẹ̀, abẹ́ wọn tẹ́jú. Orí pátákó ni ẹsẹ̀ wà dípò. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn láti fọwọ́ kàn án.

Munirat mi orí. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó béèrè. Prósẹ́sọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ò lè wọ inú ìkankan nínú kọ̀ǹpútà méjèèjìlá, kì í báà ṣe tuntun, kì í báà ṣe àlòkù. Ẹ̀rí tí wọ́n fi tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta ò ju ohun èlò ìkọ́ni lọ, ẹnikẹ́ni ò sì da ojú rẹ̀ délẹ̀ wò.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n ra i7?"

"Rárá, mà. i3 ni mo kọ sí ìwé tí mo fún wọn. i3, ìran kejìlá."

Dàda, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní kí ni ìyàtọ̀, ṣé méje ò ju mẹ́ta lọ ni. Ọmọkùnrin náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ohun tí Màmá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ bi òun gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ṣé òun fẹ́ dójú ti ilé-ẹ̀kọ́ ni, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ òpópónà kejì ń lo i5.

Munirat fa ìwé kan, ó kọ nọ́ńbà méjì sí i fún Dàda. i7-2600. i3-12100. Ó ní kí ó má wo nọ́ńbà tó ṣáájú, kí ó wo èyí tó tẹ̀ lé ìlà kékeré yẹn. Méjì ni ìran kejì, ọdún 2011 ló jáde. Méjìlá ni ìran kejìlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mọ́kànlá láàárín wọn. Mẹ́ta àti méje yẹn ń sọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ni. Ẹni tó gba ipò kìíní ní kíláàsì kan kì í bá kíláàsì mìíràn du ipò. i7 àtijọ́ yẹn ń jẹ iná wáàtì márùndínlọ́gọ́rùn-ún. i3 tuntun ń jẹ nǹkan bí ọgọ́ta, iṣẹ́ tó ń ṣe sì ju ìlọ́po méjì lọ. Àkọni ni i7 náà nígbà tirẹ̀. Ẹni tó bá nu inú rẹ̀ mọ́, ó ṣì lè bá onítọ̀hún kọ lẹ́tà di ọ̀la. Kò sí ohun tó burú nínú kí nǹkan gbó.

"Ó burú kí wọ́n fi irun àgbò dí i lẹ́nu," ni Dàda wí.

Ìbùkúnolúwa ní ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé ni òun ti mọ̀, nítorí bí a bá ti tan ẹ̀rọ, ó máa ń kọ orúkọ ọpọlọ rẹ̀ síta. Òun sọ fún Màmá. Wọ́n ní kí òun pa ẹnu òun mọ́. Òun wá wo kútẹ́sì tó wà lẹ́yìn wọn, òun mọ̀ pé àlùkò ni ṣọ́ọ̀bù Taofeek ń lò lẹ́yìn Alaba Rago, òun lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà wọ́n padà.

"O tú wọn wò?"

"Mà, tí mo bá tú u, kò ní gbà á padà mọ́."

Munirat gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní omi mímu.

*

Ṣọ́ọ̀bù Taofeek fi ẹ̀yìn ti ọgbà tí wọ́n ń so àgbò mọ́. Fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ibẹ̀ gbayawu; àgbò kan gbé imú sójú irin fèrèsé náà, ó ń jẹ páálí. Eṣinṣin bo gbogbo nǹkan. Taofeek fúnra rẹ̀, ọmọ Ṣakí, ẹni ogójì ọdún tí irùngbọ̀n rẹ̀ tínrín, ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹran sísun, ó ń fi ọwọ́ kejì yí súkúrù. Epo ẹran ń dán lára pátákó tó wà níwájú rẹ̀. Munirat ò fẹ́ fara kan ògiri.

Dàda ti dá ẹjọ́ náà tán kí wọ́n tó wọlé. Ó ní ọkùnrin yìí ni olè náà, pé ó ta àlòkù fún obìnrin Ọlọ́run bíi tuntun, kí wọ́n gbé e kí ọ̀ràn tán.

Taofeek ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n béèrè tán. Ó na ọwọ́ tí epo wà sí pátákó tí ó gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. ÀLÒKÙ NI MO Ń TÀ, ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Àǹtí ọlọ́pàá, ẹ bi gbogbo àdúgbò yìí. Mi ò ta tuntun rí láyé mi. Àpótí nìkan ni tuntun níbẹ̀."

Ó ṣàlàyé. Pátákó méjèèjìlá yẹn ti bá òun ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin nídìí fèrèsé ẹ̀yìn yẹn, àwọn ni òun fi ń kó fíìmù sórí fóònù fún àwọn oníbàárà. Obìnrin kan dé, ó ga, ó fi áńkáṣíìfù bo imú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tó jókòó. Ó ní i7 ni òun fẹ́, méjìlá, kí ó dára lójú. Òun ní i7 yìí ti dàgbà o. Obìnrin náà ní kí òun ṣáà lẹ sítíkà i7 síwájú àpótí. Òun ní kí ó fún òun ní ọjọ́ méjì kí òun fọ inú wọn, kí ẹ̀gbin kúrò níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ ò sí, ta ni yóò tú u wò.

Munirat béèrè ibi tí ó ń kán kútẹ́sì sí.

"Súkúrù ẹ̀yìn méjèèjì, mẹ́rin orí fáànù, ọ̀kan igun pátákó. Ti igun yẹn ṣe pàtàkì. Mo máa ń jẹ́ kó ṣàn bọ́ sára àpótí, kí wọ́n má baà gbé pátákó ẹlòmíràn wá bá mi nínú àpótí mi. Wọ́n ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àlùkò?"

"Àwọ̀ tí ìyàwó mi kórìíra ni. Kò ní jí i lò."

Munirat fi fọ́tò Ìbùkúnolúwa hàn án. Taofeek mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yìí wá ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé ẹrù dé, ó ní kí òun gbà á padà. Òun ní bí kútẹ́sì òun bá ṣì wà lórí wọn, òun á gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Kò padà wá mọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Dàda ní òun ò gba Taofeek gbọ́. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò kan lòdì sí ti Ìyáàfin Ruth, tó jẹ́ diakónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni adájọ́ máa gbọ́ tirẹ̀?

"A ò nílò ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni Munirat wí. Ó ń fi bébà nu àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, ó ń yínmú. "Ẹ kà á pẹ̀lú mi. Nọ́ńbà ara àpótí, ta ló kọ ọ́?"

"Màmá fúnra wọn. Ọjọ́ tí wọ́n dé."

"Nítorí náà àpótí tó dé ni àpótí tó wà níbẹ̀. Pátákó ńkọ́?"

"Kútẹ́sì so ó mọ́ àpótí. Kò sán."

"Pátákó tó dé náà nìyẹn. Prósẹ́sọ̀ ńkọ́? Abẹ́ fáànù ló wà. Èèyàn ò lè yọ ọ́ láì yọ fáànù, súkúrù fáànù ò sì yí rí láti ọwọ́ Taofeek. Àti pé i7 yẹn ò lè wọ pátákó tuntun láéláé, ojú ihò wọn ò dọ́gba: ti àtijọ́, ẹgbẹ̀fà ó dín díẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó ń fara kàn án. Ti tuntun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán."

Dàda fọwọ́ pa orí. Ó ní kí Munirat fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sílẹ̀, òun ti gbà. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe rà á ló ṣe wà.

"Ta ló wá nu ti òde?" ni Dàda béèrè.

"Kì í ṣe ọmọ yẹn. Òun nìkan ló fẹ́ kí kútẹ́sì náà wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, torí ì bá ti rántí ti inú."

*

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni wọ́n padà dé Ìbà. Ọ́fíìsì Ìyáàfin Ruth tutù, ó ń ta sánsán bí òdòdó. Ó ní kí wọ́n gbé omi ọsàn wá. Munirat ní òun ò mu nǹkan. Òórùn ọgbà àgbò ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó sì rí i pé obìnrin náà ti gbọ́ ọ; ó ti ń wá áńkáṣíìfù.

Munirat bi í bí ó ṣe mọ̀ pé wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ náà.

"Ọmọ mi, mo ti kọ ọ́ fún yín. Àmì àlùkò wà lẹ́yìn gbogbo wọn nígbà tí wọ́n dé, mo fi ojú mi rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti nù ún."

"Ẹ rí àmì àlùkò náà lára gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Kọ̀ǹpútà tuntun ni, mà?"

"Tuntun ni."

"Kọ̀ǹpútà tuntun kì í ní kútẹ́sì lára. Àwọn tó ń ta àlòkù ló máa ń kán an."

Munirat ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kékeré kan sí i. Bí olùkọ́ kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣí súkúrù, yóò fi sukudíráfà yí i, kútẹ́sì á fọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹn á sì parí. Kí ni yóò máa fi òwú àti omi nù ún sí, ẹ̀rọ méjìlá, tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà fi yọ́ ọ̀dà ara irin?

Ó dìde. Ìgò tó wà lórí àga lẹ́nu géètì láàárọ̀ ti wà lórí pẹpẹ ìwé báyìí, láàárín Bíbélì àti àpótí ṣọ́ọ̀kì, òwú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Munirat ṣí i. Òórùn náà gún imú. Ó da díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí òwú, ó tẹ̀ ba lẹ́yìn àpótí ìkówèé-sí onírin tí wọ́n kùn ní dúdú, ó pa á síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà náà di funfun rúsúrúsú. Fọ́nrán òwú kan kù síbẹ̀.

Dàda ya fọ́tò rẹ̀ láì jẹ́ kí wọ́n ní kó yà á.

"Ìgbà wo lẹ nù ún, mà, kó lè dà bíi pé ọmọ náà tú wọn? Kí àwọn òbí tó lọ tán lọ́jọ́ Ẹtì, àbí lẹ́yìn tí ẹ pè wá?"

Obìnrin náà jókòó. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, bí ẹni ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fún ọmọ kan ní ìjìyà. Ó ní òun gbàgbọ́ pé méje ju mẹ́ta lọ. Àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn lọ sí òpópónà kejì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé òun ló ra ìdọ̀tí wá, ta ni yóò kù?

"Ọ̀dọ́ ni Ìbùkún. Kò níyàwó, kò bímọ. Á rí iṣẹ́ mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ mi ńkọ́?"

Munirat ti rí ẹyin aáyán lónìí, ó ti rí ìgbẹ́ àgbò, ó ti rí epo ẹran lára mọ́dábọ́ọ̀dù. Kò sí èyí tó kó o nírìíra tó bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jáde lẹ́nu tó mọ́ yẹn. Ó fi ìgò àti òwú sínú ọ̀rá, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin.

Ìyáàfin Ruth rọra ní ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè yanjú rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí, nítorí àwọn ọmọ. Kí wọ́n tú ọmọkùnrin náà sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Fọ́tò rẹ̀ wà lórí fóònù àwọn òbí, mà. Kò rọlẹ̀ jẹ́ẹ́ nígbà yẹn."

*

Wọ́n mú Ìbùkúnolúwa dé kí aago mẹ́rin tó lù. Ó ti bọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Munirat fún un ní prósẹ́sọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì nítorí ẹsẹ̀ tó tẹ̀. Ọmọ náà fi èékánná tọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé wọn yóò sọ fún àwọn òbí. Ẹ̀gbọ́n òun wà láàárín wọn, ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì.

Ìyáàfin Ruth ti yọ fóònù jáde láti tẹ̀ ẹ́. Munirat ní rárá. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò, ó fa àga kan síwájú kọ̀ǹpútà kẹsàn-án, tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

"Ibí ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́, mà. Orúkọ ẹni tó rà á, àti ohun tó rà. A máa tẹ̀ ẹ́ jáde, a máa lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ báńà yẹn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́. Tó bá di alẹ́, ẹ máa bá wa lọ sí àgọ́."

Àwọn olùkọ́ ti péjọ sẹ́nu ọ̀nà. Òbí mẹ́ta tó wá mú ọmọ dúró lẹ́yìn wọn. Ìyáàfin Ruth jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ sórí bọ́tìnnì, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Fáànù náà han gooro. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó kọ orúkọ ọpọlọ rẹ̀ síta, ó tún dúdú. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Òórùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti inú àpótí tó ṣí sílẹ̀, ó ń gbóná sí i, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó wá áńkáṣíìfù rẹ̀, ó ti gbàgbé rẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Àmì kékeré kan ń yí po, ń yí po láàárín ojú ẹ̀rọ.

"Ó máa dé, mà," ni Ìbùkúnolúwa wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ ṣáà ní sùúrù fún un. i7 ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó.